Ìkòkò Kan fún Gbogbo Ilé

Jíjẹ àti mímu wà lára ohun tí Yorùbá fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Bí àlejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un, lẹ́yìn náà ni a óò bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ wa láìsọ ìdí rẹ̀, ara a máa fu wá sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ló kọ oúnjẹ tí àgbà gbé fún un, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi kọ oúnjẹ láìbu olóúnjẹ kù. Ọ̀rọ̀ náà ni èèwọ̀. Bí ẹnìkan bá ní ọmọ Ọbàtálá ni òun, pé òun kì í mu ẹmu, kò sí ẹni tí yóò fi ipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Olúwa rẹ̀ á jókòó ti àwọn tó ń mu, wọn á bá a wá nǹkan mìíràn, eré á sì máa lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó ní ohun tó jọ èèwọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kan tí mo máa ń sè ní ìlú Houston tí mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́jọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ fi sùúrù bá mi bọ̀. Ọbẹ̀ tí kì í kánjú ni.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ọmọ náà. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Inú rẹ̀ a máa wú bí ìlù, ìgbẹ́ gbuuru a máa yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ga, òun dúró sójú kan. Àwọn àgbà kan nínú ìjọ wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ìyá rẹ̀ ń fún un ní ṣúgà jù. Àwọn mìíràn ní aràn ni. Àgbo wá láti Ìbàdàn nínú ike, ọmọ mu ún, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé inú ìfun, tí wọ́n sì mú bíńtín níbẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò. Àrùn tí wọ́n ń pè ní celiac ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àlìkámà ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí àlìkámà ni èso rere tó wà nínú òwe Jésù nípa oko tí ọ̀tá wá gbin èpò sí lóru. Ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ náà, àwọn Haúsá sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ àlejò ni lẹ́nu wa, irúgbìn àlejò sì ni ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Èròjà amáradàgbà kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní gúlúténì. Òun ló máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí rọ́bà nígbà tí a bá ń pò ó, òun náà ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Ó wà nínú ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà, ó sì wà nínú ọkà tí wọ́n ń pè ní ráì. Bí ó bá dé inú ìfun ẹni tó ní celiac, àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ara olúwa rẹ̀ yóò dìde, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé ara wọn jẹ́. Àwọn ìka wẹ́wẹ́ kan wà nínú ìfun wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fa oore oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn ni wọ́n máa ń wó palẹ̀. Nítorí náà, ọmọ lè jẹun yó lójoojúmọ́ kí ebi sì máa pa ẹran ara rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí ọmọ má fẹnu kan gúlúténì mọ́ títí ayé rẹ̀.

Dókítà ará Netherlands kan, Willem Dicke, tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, ló fi hàn pé àlìkámà ló ń fa wàhálà náà. Ó ti ń fura kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní ilẹ̀ wọn ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, ẹ̀rí tún kún ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1950 ló kọ ọ́ sínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ènìyàn wa, èsì tí mo ń gbà ni pé, "Ẹ ò rí i pé àrùn òyìnbó ni!" Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó fi ọdún márùn-ún dá ọmọ wa dúró kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Àrùn yìí kò mọ àwọ̀. Ní 1999, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú àwọn ọmọ Sahrawi, ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní aṣálẹ̀ Sàhárà, iye àwọn tó ní in tó 5.6 nínú 100, bẹ́ẹ̀ sì ni káàkiri ayé, bíi ẹnìkan nínú 100 ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí inú ń run ní gbogbo ìgbà tó bá jẹ búrẹ́dì, pọfpọf tàbí indómì lákòókò ìsinmi, ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ.

Mo pe nǹkan yìí ní ohun tó jọ èèwọ̀. Ṣé èèwọ̀ ni? Rárá o. Bí ènìyàn bá jẹ èèwọ̀ rẹ̀, ètùtù wà. Kò sí ètùtù fún gúlúténì; ẹ̀rún búrẹ́dì kan tó já bọ́ sínú ọbẹ̀ ti tó láti ba ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ fún ọmọ náà. Lọ́nà kejì, èèwọ̀ máa ń ní ẹgbẹ́. Ìdílé rẹ lẹ ó jọ máa kọ ọ́, ẹ ó sì ní ìtàn tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ló ní tirẹ̀ nínú ilé, kò sí oríkì kankan tó bá a wá. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ṣe àlàyé fún àwọn àgbà, ó yé wọn kíákíá ju kí n máa ka orúkọ àrùn sí wọn létí. Mo sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìdílé kan pè wá síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Àbúrò mi gbé oúnjẹ ọmọ náà dání nínú abọ́ onídèérí, bí ìṣe rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló pagbo yí àwo ńlá kan ká, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀ lórí itan. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti dàgbà jù mí lọ dáadáa rí i, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó bu ẹran àti ọbẹ̀, ó gbé e fún un.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Kò ní pa ọ́. Àbí ìwọ kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni?"

"Ẹ má bínú sà. Mi ò lè jẹ ẹ́, sà."

"Ta ló ní o ò lè jẹ ẹ́? Kò sí búrẹ́dì níbẹ̀."

Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, kò rí wọn. Ọmọ tí a kọ́ pé kó má kọ ọwọ́ àgbà ṣe ohun tí a kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé kò sí búrẹ́dì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kúùbù amọ́bẹ̀dùn wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà lára kúùbù wọ̀nyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà gbà pé orí ọmọ tó wọ́ ni òun ń tún ṣe. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò sì jiyàn èyí. Ohun tí ó wá ń dùn mí lẹ́yìn ọjọ́ náà ni abọ́ onídèérí yẹn. Mo pinnu pé bí ó bá jẹ́ ilé mi ni a ti ń wo bọ́ọ̀lù, abọ́ ọ̀tọ̀ kò ní sí. Ìkòkò kan ni a ó sè, ohun tí ọmọ náà lè jẹ ni gbogbo wa yóò jẹ.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù náà, nítorí kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Bọ́ọ̀lù tó gùn bí ìbẹ́pẹ ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Ìdíje àṣekágbá rẹ̀, Super Bowl, máa ń wáyé ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì ọdún. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, abọ́ ni "bowl". Pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́ kó rí kòtò bí abọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì Yale ní 1914, kí orúkọ náà tó ràn mọ́ ìdíje fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní ọjọ́ abọ́ ńlá ni, mi ò parọ́. Ní 2007 ni ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọbi ara sí i, nítorí Adewale Ogunleye wà lára àwọn tó ṣeré fún Chicago Bears lọ́jọ́ náà. Indianapolis Colts fi 29 sí 17 lù wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ wa dún lórí amóhùnmáwòrán, ìyẹn tó wa.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú ni. Aago mẹ́wàá ni a ń wọ ilé ìjọsìn, ó di aago méjì kí a tó jáde. Ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló ń ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ta ni yóò dúró ti iná? Ìdí nìyí tí mo fi ra ìkòkò oníná-jẹ́jẹ́. Ìkòkò amọ̀ dídán tó wúwo ni, ó jókòó sínú agolo tó ń lo iná mànàmáná, ìdérí rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì. Ènìyàn yóò kó èròjà sí i láàárọ̀, yóò tan án, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa mọ irú ìdáná yìí tipẹ́. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀wà ka orí ààrò kí wọ́n tó sùn, ẹyín iná nìkan ni yóò sì máa bá a ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìtàn ẹni tó ṣe ìkòkò náà jọ tiwa. Irving Naxon lorúkọ rẹ̀, Júù ni, ó sì gba ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí ní 1940. Ìyá rẹ̀, tó dàgbà ní Lithuania, ló sọ fún un bí wọ́n ti máa ń gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran lọ sínú ààrò oníbúrẹ́dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí òfin wọn kò gbà kí wọ́n dáná lọ́jọ́ Ìsinmi. Ooru tó ṣẹ́kù nínú ààrò náà ni yóò sè é di ọjọ́ kejì. Ilé iṣẹ́ mìíràn ra okòwò Naxon ní 1970, wọ́n sì fún ìkòkò náà ní orúkọ Crock-Pot ní 1971. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé báálì wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn Júù náà. Ọbẹ̀ tó bí ìkòkò yìí, ọmọ wa kò lè fẹnu kàn án.

Ọbẹ̀ tí àwọn ará Texas fẹ́ràn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ni chili, ẹran màlúù tí a sè pẹ̀lú ata títí yóò fi ki. Ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn. Ará Texas gidi yóò sọ fún ọ pé ẹ̀wà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Èmi ń fi ẹ̀wà sí i, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà mú un ki, àwọn mìíràn a tún da bíà sí i. Ẹ̀wà olóyin ló ń bá mi ṣe iṣẹ́ ìyẹ̀fun, nítorí bí ó bá jinná tán, ó máa ń yọ́ mọ́ ọbẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ṣì ṣàn, mo lè po ògì díẹ̀ sí omi tútù kí n dà á sí i ní ìparí, nítorí àgbàdo kò ní gúlúténì tó ń pa ọmọ náà lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí, ilá àti ọ̀gbọ̀. Ẹ wo ohun tí ilé ìdáná Yorùbá ti ní lọ́wọ́ kí àlìkámà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bu kọ́ọ̀pù ẹ̀wà olóyin méjì, mo sì máa ń ṣà á. Ní kékeré mi, bí mo bá jókòó ti ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà, òkúta ni a ń wá. Ní Houston, hóró àlìkámà àti ti báálì ni mò ń wá, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń di ẹ̀wà sínú ọ̀rá lè máa di àwọn yẹn náà. Mi ò jẹ́ ra ẹ̀wà tí wọ́n ń bù láti inú garawa ní ọjà. Síbí tí wọ́n fi bù ú lè ti wọ inú ìyẹ̀fun. Mo ń sè é lórí iná gáàsì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, nítorí bí ẹ̀wà líle bá pàdé tòmátì, kò ní tètè rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, ẹ gbọ́ o: májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù, ìkòkò oníná-jẹ́jẹ́ kì í sì í gbóná tó láti pa á. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí márùn-ún, ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi tuntun sè é kó hó gidi fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ́ kó wọ inú ìkòkò náà. Ẹni tó bá fo èyí dá yóò bì.

Ẹran líle ni kí ẹ rà. Mo ń lo ẹran ẹsẹ̀ àti ti èjìká màlúù, nǹkan bíi kílò kan àbọ̀. Iṣan tó wà láàárín rẹ̀ máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú wákàtí mẹ́jọ, á wá di omi tó ki tó sì dùn. Ẹran tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè fara da irú iná bẹ́ẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìwé ìdáná ti Amẹ́ríkà yóò ní kí ẹ fi ìyẹ̀fun kun ẹran náà lára kí ẹ tó dín in. Iyọ̀ nìkan ni mo fi ń kùn ún. Mo dín in nínú epo pupa díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Tòmátì mẹ́fà, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì àti àlùbọ́sà ńlá méjì ni mo ń lọ̀, mo sì ń sè wọ́n kí omi wọn gbẹ, nítorí ìkòkò yìí kì í jẹ́ kí omi fẹ́ jáde. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó fún ọbẹ̀ yìí ní adùn jù kò wọ́nwó rárá. Irú wooro ni, síbí méjì, àti edé gbígbẹ. Láti ìgbà tí mo ti padà sí irú, mi ò fi kúùbù se nǹkan kan mọ́.

Bí ohunkóhun bá wà nínú páálí tàbí agolo, mo máa ń ka ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan ti 2004 sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta bí àlìkámà bá wà nínú oúnjẹ. Òfin náà kò dárúkọ báálì àti ráì, nítorí náà "kò sí àlìkámà" kò túmọ̀ sí "kò sí gúlúténì". Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó yẹ kí ojú wá, ìlànà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2013 sì sọ pé ẹni tó bá kọ ọ́ sára oúnjẹ rẹ̀, gúlúténì tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 20 nínú mílíọ̀nù kan. Ní ti orógùn, mo ra tuntun. Èyí tí a ti fi ro sẹ̀mó fún ọdún mẹ́jọ, igi rẹ̀ ti mu àlìkámà sára. Bẹ́ẹ̀ ni, àlìkámà ni sẹ̀mó, ìyàlẹ́nu ni èyí máa ń jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ń to ànàmọ́ méjì tí mo ti gé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí ibẹ̀ ni ooru pọ̀ sí, lẹ́yìn náà ẹran, ẹ̀wà, ata àti omi ẹran. Mi ò jẹ́ kó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìkòkò lọ. Mo yí i sí iná kékeré, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ má ṣe ṣí i o. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ooru tó jáde yóò gbà tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó padà. Ìyàwó mi ní èmi nìkan ni òun mọ̀ tó máa ń dúró níwájú ìkòkò, tó ń wo gíláàsì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìkòkò yìí gba àlejò fún Super Bowl ni 5 oṣù kejì, 2017. Houston gan-an ni ìdíje náà ti wáyé lọ́dún yẹn, ní pápá NRG, láàárín New England Patriots àti Atlanta Falcons. Ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà ní pálọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Texas, gbé búrẹ́dì àgbàdo wá. Ìyẹ̀fun àlìkámà wà nínú rẹ̀, nítorí náà tábìlì ọ̀tọ̀ ni a gbé e sí pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀, kò sì bínú. Ìrẹsì àti ẹ̀bà ni a fi ti ọbẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a fẹ́ bu oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n náà ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Abọ́ ti ọmọ ńkọ́?"

"Ìkòkò kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ ó jẹ ni yóò jẹ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó gba síbí lọ́wọ́ mi, ó kọ́kọ́ bu ti ọmọ náà kí ó tó bu tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́sí, èmi náà kò sì bi í. Nígbà tó jẹun tán ló ní, "Irú lo fi sè é," bí ẹni tó mú mi níbi tí mo sá pamọ́ sí.

Atlanta ń nà wọ́n bí ẹni na ọmọ alágídí. Ó di 28 sí 3, àwọn kan lára àlejò wa ti ń wá bàtà wọn. Ìkòkò ti sún ara rẹ̀ sí ibi ìmúgbóná, nítorí náà àwọn tó dìde láti lọ dúró bu díẹ̀ sí i, ibi tí wọ́n ti ń bu ú ni New England ti bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Wọ́n dọ́gba ní 28. Wọ́n fi àkókò kún un, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú Super Bowl, New England sì gbà á ní 34 sí 28. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ wa wà láàárín àwọn ọmọ yòókù lórí ẹní, wọ́n ń pariwo, ó sì dìde lọ bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òun lè jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ń kà á, ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó kù nínú ọbẹ̀ náà, a pín in sínú àwo tí kò jìn kó lè tètè tutù, a sì kó o sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Iná gáàsì ni kí ẹ fi gbé e gbóná lọ́jọ́ kejì. Ìkòkò oníná-jẹ́jẹ́ kò yá tó fún ìyẹn.

Ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí, ó ga jù mí lọ. Ìyá rẹ̀ ra ìkòkò kékeré kan fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló pè mí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Àwọn tí a jọ ń gbé ní òórùn kan ń jáde nínú yàrá wa."

"Irú ni?"

"Irú ni, sà."

Mo ní kó dé ìkòkò rẹ̀ dáadáa, kó sì dúró di ìgbà tí ebi bá pa wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ló tún pè. Ó ní ṣé mo lè fi irú mìíràn ránṣẹ́, pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò ní tó wọn fún ọjọ́ Àìkú.